Ìgbòkun kékeré fún ìjì ńlá: bí ẹ ṣe lè múra ọkọ̀ yín sílẹ̀ láti Àkúrẹ́ kí ẹ tó gbé e sójú òkun Ìlàjẹ

Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n Igbókọ̀dá ni ọkọ̀ mi ń gbé. Bí mo bá fẹ́ lọ wò ó, mo ní láti gba Oǹdó, kí n gba Orè, kí n gba Òkìtìpupa kí n tó dé etí omi. Àwọn ará àdúgbò máa ń bi mí léèrè pé kí lẹni tó ń jí rí òkè lójoojúmọ́ ń fi ọkọ̀ ìgbòkun ṣe. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Bàbá bàbá mi kò ní ẹ́ńjìnnì; aṣọ ló ń ta sórí òpó, atẹ́gùn á gbé e lọ síbi ẹja, á sì gbé e padà wálé. Ohun tí bàbá náà mọ̀ nípa ìjì, èmi kò tètè mọ̀ ọ́n.

Ọkọ̀ mi gùn tó mítà 8, àlòkù ni mo rà á ní Èkó. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ gbé e jáde sí òkun, nínú oṣù kẹta, ìjì ká èmi àti àbúrò mi mọ́ ọ̀kánkán Ayétòrò. Gbogbo ìgbòkun ló wà lókè. Kí a tó rí okùn tú, ọkọ̀ ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, omi ti ń wọlé, ìgbòkun ńlá sì ti ya láti etí kan dé ìkejì ní ojú ìránṣọ. Nígbà tí a délé tí mo wo òwú rẹ̀, òwú tí wọ́n fi ń rán bùbá ni ẹni tí mo gbé e fún fi rán an. Èmi náà ni mi ò yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó gbà á. Láti ìgbà náà, mi ò jẹ́ kí ọyẹ́ kan kọjá láì tẹ́ ìgbòkun mi sílẹ̀ kí n yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orí ilẹ̀ la ti ń ja ìjà ìjì. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, òun ni mo ṣe kọ èyí sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń gbèrò láti ta ìgbòkun lọ́dọ̀ wa.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìjì tó ń jà lọ́dọ̀ wa

Ìjì ilẹ̀ òtútù lè jà fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta láìsinmi. Tiwa yàtọ̀. Ní etíkun Oǹdó, láti Aráròmí títí dé Awoye, afẹ́fẹ́ gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ló ń fẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, láti òkun wá sí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn ni ìjì ti ń wá bá wa, pàápàá nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, àti nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá. Ìkùukùu dúdú á tò bí ògiri. Atẹ́gùn tó ti ń fẹ́ tẹ́lẹ̀ á dákẹ́, ooru á mú, òkun á dà bí ẹni pé ó ń dúró de nǹkan. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀fúùfù tútù á já lù yín láti apá ibi tí ẹ kọ ẹ̀yìn sí. Kì í sábàá pẹ́ ju wákàtí kan sí méjì lọ, àmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló ń fa aṣọ ya.

Irú ìjì bẹ́ẹ̀ lè máa sáré tó 50 kìlómítà ní wákàtí kan. Etí lè gbọ́ àrá láti nǹkan bí kìlómítà 15. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: nígbà tí ẹ bá gbọ́ àrá àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú 18 péré ló ṣẹ́ kù fún yín. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá á fi sán, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Iye tí ẹ bá rí ni iye kìlómítà tó wà láàárín yín.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ìgbòkun á di ìlọ́po mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ tó ń sá 15 knot, ìyẹn nǹkan bí kìlómítà 28 ní wákàtí kan, ń gbé ọkọ̀ kékeré lọ pẹ̀lú ayọ̀. Tó bá di 30 knot, bí ìgbà tí ẹ ta irú ìgbòkun yẹn mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Òpó kan ṣoṣo ló sì ń rù ú.

Ẹ yan ìgbòkun tó bá iṣẹ́ mu

Ọkọ̀ olópòó kan máa ń ní ìgbòkun ńlá lẹ́yìn òpó, tí igi ìdábùú di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, àti ìgbòkun iwájú tí a ń pè ní jíìbù. Lójú tèmi, ọkọ̀ tí kò gùn ju mítà 9 lọ, tó ń lọ tó ń bọ̀ ní etíkun wa, kò nílò ju aṣọ mẹ́ta lọ: ìgbòkun ńlá tó ṣe é ká lẹ́ẹ̀mẹta, jíìbù ìlò ojoojúmọ́, àti jíìbù ìjì. Ẹni tó bá ní owó tó kù, kó fi ra okùn tó dára.

Kí a ká ìgbòkun ni pé kí a fà á wálẹ̀ díẹ̀, kí a so ibi tó wálẹ̀ mọ́ igi ìdábùú, kí èyí tó kù lókè máa bá iṣẹ́ lọ. Púpọ̀ nínú ìgbòkun tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ ọkọ̀ kékeré, ojú kíká méjì péré ló ní. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀kẹta sí i, kó sì ga dáadáa. Òfin World Sailing, àjọ tó ń darí eré ọkọ̀ ìgbòkun lágbàáyé, fún ìdíje tí kò jìnnà sí etíkun gbà pé kí èèyàn lo ìgbòkun ńlá dípò ìgbòkun ìjì tí a ń ta sẹ́yìn òpó, bí kíká rẹ̀ bá lè dín gígùn etí iwájú kù tó 40%. Etí iwájú ìgbòkun tèmi jẹ́ mítà 8. Kíká kẹta mi fa mítà 3.2 wálẹ̀, ó ku mítà 4.8. Nítorí pé igun mẹ́ta ni ìgbòkun, tó jẹ́ pé bó ṣe ń kúrú ló ń tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ tó kù lójú afẹ́fẹ́ kò ju nǹkan bí 36% lọ. Pẹ̀lú 36% yẹn, ọkọ̀ mi ṣì ń gbọ́ràn.

Jíìbù ìjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà ní èyí tó tóbi jù. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ wọn gíga láti orí ọkọ̀ dé ibi tí wáyà iwájú, ìyẹn èyí tó di òpó mú láti iwájú ọkọ̀, ti pàdé òpó. Tèmi jẹ́ mítà 9. Mítà 9 lọ́nà 9 jẹ́ 81. Ìdá 5% rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 4. Òun ni títóbi tí jíìbù ìjì kò gbọdọ̀ kọjá. Aṣọ tí a ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì ńlá ló tó bẹ́ẹ̀. Etí iwájú rẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ gùn ju 65% gíga yẹn lọ. Fún jíìbù tí ẹ ó lò nígbà tí afẹ́fẹ́ le àmọ́ tí kò tíì di ìjì, 13.5% ni, lára tèmi, ó jẹ́ nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 11. Mo mọ̀ pé ojú kì í gba aṣọ kékeré gbọ́ ní etí omi. Ẹ gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí jíìbù ìjì ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n tàbí àwọ̀ mìíràn tó ń tàn. Òkun tó ń ru máa ń funfun látòkè délẹ̀. Ìgbòkun funfun á sọnù nínú rẹ̀ lójú ẹni tó ń wá yín.

Ní ti rọ́là, ìyẹn irin tó ń yí jíìbù pọ̀ bí ẹní lára wáyà iwájú, mo mọ̀ pé ó rọrùn. Ẹ fa okùn kan, ìgbòkun á kéré. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti yí i kọjá ìdá mẹ́ta rẹ̀, ikùn rẹ̀ á yọ bí àpò gààrí, kò sì ní lè gbé ọkọ̀ dojú kọ afẹ́fẹ́ mọ́. Èyí tó burú jù ni pé okùn kan ṣoṣo ló dì í mú. Bí okùn yẹn bá já nínú ìjì, gbogbo aṣọ náà á tú síta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní àkókò tí ẹ kò fẹ́ rí i rárá. Èmi ti yọ rọ́là kúrò lára ọkọ̀ mi. Ìkọ́ ni mo fi ń kọ́ jíìbù mọ́ wáyà. Ẹni tí kò bá fẹ́ yọ tirẹ̀, kó ní kí wọ́n fi wáyà kejì sẹ́yìn ti iwájú, tí yóò lè kọ́ jíìbù ìjì mọ́, kó sì máa pààrọ̀ okùn rọ́là kó tó gbó.

Ìgbòkun ìjì kan tún wà tí a ń ta sẹ́yìn òpó dípò ìgbòkun ńlá, tí kì í lo igi ìdábùú rárá. Òfin kan náà sọ pé kó má ju 17.5% gíga ìgbòkun ńlá lọ́nà gígùn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Fún irin-àjò ọjọ́ kan ní etíkun wa, kíká kẹta ti tó. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí Ghana tàbí São Tomé, ẹ rà á.

Aṣọ wo ni kí ó jẹ́? Dacron, ìyẹn aṣọ polyester tí a hun mọ́ra dáadáa. Kì í fà púpọ̀, oòrùn kì í tètè pa á, ọwọ́ lásán sì lè tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí ti jíìbù ìjì nípọn ju ti ìgbòkun ńlá lọ. Nylon fún afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń fà bí rọ́bà. Mo ti rí àwọn tó fi tapólì ṣe ìgbòkun, mo sì mọ̀ pé owó ló fà á. Nínú odò tó parọ́rọ́, kò burú. Lójú òkun, oòrùn oṣù díẹ̀ á ti jẹ tapólì tán nínú, ẹ kò sì ní mọ̀ títí afẹ́fẹ́ á fi sọ fún yín.

Ẹ fi àsìkò ọyẹ́ yẹ aṣọ àti òwú wò

Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, mo máa ń kó ìgbòkun mi wá sí Àkúrẹ́. Mo ń fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́, mo ń sá a síbòji, lẹ́yìn náà mo ń gbàṣẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì nítòsí mi, nítorí pé kò sí pálọ̀ tó gbà á.

Òwú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí òun ni oòrùn ń kọ́kọ́ pa. Ẹ fi èékánná àtàǹpàkò fá ojú ìránṣọ. Bí òwú bá já tàbí tó hu bí ìyẹ̀fun, ẹ tún gbogbo ìlà náà rán, kì í ṣe ibi tó já nìkan. Ẹ wo etí ẹ̀yìn ìgbòkun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ló ń gbọ̀n pẹrẹpẹrẹ jù. Ẹ wo igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wo ojú irin tí okùn ń gbà kọjá: ṣé aṣọ tó yí i ká ti ń fà? Ẹ wo ojú kíká kọ̀ọ̀kan bákan náà, nítorí pé bí ẹ bá ká ìgbòkun, ojú irin wọ̀nyẹn ló di igun tuntun, gbogbo ẹrù á sì wá sórí wọn. Aṣọ àlẹ̀mọ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn bí ti igun ìsàlẹ̀ gan-an.

Ní ti rírán, maṣín-ìnnì tí télọ̀ fi ń rán aṣọ ẹbí kò lágbára tó. Ẹ lọ bá àwọn tó ń rán tapólì tírélà tàbí àwọn tó ń rán àga mọ́tò. Wọ́n ní maṣín-ìnnì tó lè gún aṣọ mẹ́rin, márùn-ún pọ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rán an ní wọ́gọwọ̀gọ, kì í ṣe gbọọrọ, kí ìránṣọ lè bá aṣọ fà láì já. Ìlà mẹ́ta ni kí jíìbù ìjì ní. Ẹ̀yin ni kí ẹ ra òwú náà fúnra yín, kí ẹ sì dán an wò pẹ̀lú iná ìṣáná: òwú kọ́tìn-ìnnì á jó di eérú, á máa rùn bí ìwé tó ń jóná, òwú polyester á yọ́, á sì di kóró líle ní orí. Èyí tó yọ́ ni kí ẹ lò. Kí ẹ dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi parí.

Igun tí abẹ́rẹ́ maṣín-ìnnì kò lè gún, ọwọ́ ni ẹ ó fi rán an. Ṣọ́bàtà tó ń rán bàtà aláwọ lè kọ́ yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ fi ìda oyin ra òwú kó má baà tètè gbó. Ẹ mú abẹ́rẹ́ ńlá, òwú náà àti aṣọ Dacron díẹ̀ dání nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo.

Ẹ kọ́ kíká títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn

Èyí ni ọkàn ọ̀rọ̀ mi. Ìgbòkun tó ṣe é ká, tí ẹnikẹ́ni kò lè ká láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kò yàtọ̀ sí èyí tí kò ṣe é ká. Ẹ fi ìdákọ̀ró dá ọkọ̀ dúró nínú odò ní àárọ̀ tí atẹ́gùn bá rọra ń fẹ́, kí ẹ sì ṣe báyìí:

1. Ẹ dẹ okùn tó ń darí igi ìdábùú, kí afẹ́fẹ́ lè tú kúrò nínú ìgbòkun ńlá. Ẹ fi jíìbù sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́.
2. Ẹ fa okùn tó gbé ìdí igi ìdábùú dúró, kí igi má baà já lé ẹnikẹ́ni lórí. Ẹ má fo èyí.
3. Ẹ dẹ okùn tó fa ìgbòkun sókè, títí ojú kíká ti iwájú á fi dé igi ìdábùú. Ẹ fi àmì sára okùn yẹn ṣáájú, àwọ̀ kan fún kíká kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má baà máa méfò.
4. Ẹ kọ́ ojú iwájú mọ́ ìkọ́ rẹ̀.
5. Ẹ tún fa okùn òkè le dáadáa. Kó le ju bí ẹ ṣe rò lọ.
6. Nígbà náà ni kí ẹ tó fa okùn kíká ti ẹ̀yìn, títí igun ẹ̀yìn á fi lẹ̀ mọ́ igi ìdábùú, tí ìsàlẹ̀ ìgbòkun á sì tẹ́ pẹrẹsẹ.
7. Ẹ dẹ okùn tó gbé igi dúró, ẹ fa okùn ìdarí padà, ọkọ̀ á tún gbéra.
8. Ẹ fi àwọn okùn kékeré àárín di aṣọ tó kù lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ má so wọ́n le: iṣẹ́ wọn ni láti kó aṣọ jọ, wọn kò gbọdọ̀ ru ẹrù. Mo ti rí ìgbòkun tó ya lójú àwọn ihò kékeré yẹn nítorí pé okùn ẹ̀yìn tú, tí ẹrù sì bọ́ sórí wọn.

Kí ẹ tó tú kíká, àwọn okùn kékeré yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tú.

Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ tún ṣe é lálẹ́ láìtan iná. Èmi àti àbúrò mi ṣe é títí tí kò fi sí ọ̀rọ̀ sísọ láàárín wa mọ́. Láyé ìjì, ohùn kì í dé etí ẹni tó wà ní iwájú ọkọ̀.

Ẹ má gbàgbé láti ta jíìbù ìjì náà wò nínú odò. Ẹ mọ ibi tí okùn rẹ̀ yóò gbà dé ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ jíìbù ìjì wà nínú àpò wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà wọ́n, ẹni tó ni wọ́n kò mọ̀ pé ìkọ́ wọn kéré jù fún wáyà òun.

Òpó àti wáyà

Ẹ gun òpó, tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí tiyín bá ṣe é tẹ̀. Ẹ fi aṣọ ìnura nu wáyà láti òkè dé ìsàlẹ̀; ibi tí aṣọ bá ti kọ́, fọ́nrán kan ti já níbẹ̀. Fọ́nrán kan tó já túmọ̀ sí pé kí ẹ pààrọ̀ wáyà náà, kì í ṣe pé kí ẹ fi téèpù wé e. Ẹ wo ibi tí irin ti gbá wáyà mú bóyá ó ti sán. Ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ di gbogbo ìdè onírin tí ìmìtìtì lè tú. Wẹ́dà òpópónà lè tún géètì ṣe. Ẹ má jẹ́ kó jó irin òpó yín pọ̀ tí kò bá mọ iṣẹ́ irin tí kì í dípẹtà.

Ẹ dènà omi

Ọkọ̀ tí omi kò wọ̀ á léfòó. Ẹ tọ́ka gbogbo ihò tó wà lára rẹ̀: ẹnu ọ̀nà, fèrèsé, àti ihò páìpù tó wà lábẹ́ omi. Pákó ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ ní okùn tó so ó mọ́ ọkọ̀, kó lè ṣe é tì láti inú àti láti ìta. Bí ọkọ̀ bá dojú dé láìsí okùn yẹn, pákó á lọ, omi á gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ so èdídí igi kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò páìpù kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ kan tí ẹni tó ń tọ́ ọkọ̀ lè lò láìdìde, àti garawa méjì tí ọwọ́ wọn lágbára. Ẹ fi bẹ́líìtì di bátìrì, ẹ di ìdákọ̀ró mọ́lẹ̀, ẹ ti gáàsì pa níbi sílíńdà.

Ọ̀rọ̀ epo gbọ́dọ̀ gba àkíyèsí. Epo tí a ń rà máa ń ní ìdọ̀tí nínú. Ní ọjọ́ tí òkun bá parọ́rọ́, ìdọ̀tí náà á sùn sísàlẹ̀ táǹkì. Tí ìgbì bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín, gbogbo rẹ̀ á dìde, á dí fíltà, ẹ́ńjìnnì á kú ní wákàtí tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Ohun tó ṣe wá ní ọ̀kánkán Ayétòrò nìyẹn lẹ́yìn tí ìgbòkun ya. Ẹ fọ táǹkì lọ́dọọdún, ẹ fi aṣọ sẹ́ epo kí ẹ tó dà á sí i, ẹ ní fíltà méjì lọ́wọ́.

Ẹ so èèyàn mọ́ ọkọ̀

Bí ó ti wù kí ẹ mọ̀wẹ̀ tó (ọmọ Ìlàjẹ kì í fẹ́ gbọ́ èyí), ẹni tó bá jábọ́ nínú ìjì ṣòro láti tún rí. Gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á wọ life jacket kí ìkùukùu tó dúró. Ẹ na okùn pẹlẹbẹ polyester láti iwájú dé ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí kálukú fi okùn bẹ́líìtì àyà rẹ̀ kọ́ ọ. Okùn àyà yẹn kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 2 lọ. Èyí tí kò ju mítà 1 ló dára jù, kí ẹni tó bá ṣubú má baà dénú omi rárá. Ẹ má lo nylon fún okùn pẹlẹbẹ náà, nítorí pé ó ń fà.

Nígbà tí ìkùukùu bá dúró

Kí ẹ tó kúrò ní èbúté, ẹ ti wo àsọtẹ́lẹ̀ NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, ẹ sì ti bi àwọn apẹja léèrè. Ṣùgbọ́n ìkùukùu lè dìde lẹ́yìn ìyẹn. Ìgbà tó bá kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn pé ó yẹ kí a ká ìgbòkun ni kí ẹ ká a. Níbi tí òkun wa ti gbóná tí ìjì sì ń já luni bẹ́ẹ̀, èmi kì í ká a ní ìpele ìpele; láti orí odidi ìgbòkun ni mo ti ń lọ tààrà sí kíká kẹta, mo ń yọ jíìbù ojoojúmọ́, mo ń ta ti ìjì. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, tí ilẹ̀ sì jìnnà sí yín ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, ẹ fa gbogbo ìgbòkun wálẹ̀, ẹ dì wọ́n. Òjò á rọ̀, á dá.

Ẹ kọ àkókò àti ibi tí ẹ wà sílẹ̀ kí òjò tó bo ojú ilẹ̀. Ẹ jẹun díẹ̀, ẹ mu omi. Kí ẹnikẹ́ni má di òpó tàbí wáyà mú nígbà tí mànàmáná bá ń kọ.

Bí ó bá pẹ́ tí ọwọ́ sì ń ro yín, ẹ lè mú kí ọkọ̀ sinmi lórí ìgbì. Ẹ yí iwájú ọkọ̀ gba inú afẹ́fẹ́ kọjá láì tú okùn jíìbù, kí jíìbù wá fi ẹ̀yìn gba afẹ́fẹ́. Ẹ dẹ ìgbòkun ńlá tí ẹ ti ká, ẹ so ọ̀pá ìtọ́kọ̀ sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Jíìbù á máa ti iwájú ọkọ̀ lọ, ìtọ́kọ̀ á máa dá a padà, ọkọ̀ á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, á máa yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹnu á yà yín bí ariwo á ṣe dínkù. Ẹ ti kọ́ èyí náà ní ọjọ́ tí ojú ọjọ́ dára, torí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀.

Bí ẹ bá ní láti máa sá níwájú ìgbì, tí ọkọ̀ sì ń sáré jù, ẹ ju okùn gígùn tó nípọn sẹ́yìn, ẹ so orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ìdí ọkọ̀, ọ̀tún àti òsì, kó máa wọ́ bí ìdẹ̀kun. Á dá eré dúró, á sì mú kí ìdí ọkọ̀ kọjú sí ìgbì.

Ẹ má tètè fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ní 1979, ìjì ká àwọn ọkọ̀ tó ń ṣe ìdíje Fastnet mọ́ ojú òkun láàárín England àti Ireland. Ọkọ̀ 303 ló gbéra, òǹdíje 15 ló kú. Ọkọ̀ 24 ni àwọn èèyàn fi sílẹ̀, 5 péré ló rì nínú wọn. Àwọn 19 yòókù ṣì ń léfòó nígbà tí wọ́n rí wọn. Bí ẹ bá nílò ìrànlọ́wọ́, ojú ọ̀nà 16 lórí rédíò VHF ni kí ẹ fi ké pe ẹni tó bá wà nítòsí. Fóònù kì í ṣe é gbọ́kàn lé tí ẹ kò bá rí ilẹ̀ mọ́.

Ẹ má sáré wọlé

Nígbà tí ìjì ìlà-oòrùn bá ń jà, ó ń tì yín kúrò nílẹ̀ ni, àyè wà fún yín. Ewu tòótọ́ máa ń wà nígbà tí afẹ́fẹ́ òkun bá padà dé, tí ìgbì sì ṣì ga. Etíkun wa níhà Màhìn ẹrẹ̀ ni, omi ibẹ̀ kò jìn, nítorí náà ìgbì máa ń fọ́ jìnnà sí ilẹ̀. Ẹnu odò tí ẹ gbà jáde ní àárọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín lè ti di ògiri omi. Ẹ dúró síta nínú omi jíjìn, kódà bí ẹ bá ń rí iná Ayétòrò, kí ẹ ka ìgbì fún ìdajì wákàtí, kí ẹ wo bí àwọn apẹja ṣe ń wọlé. Bí wọn kò bá wọlé, ẹ má wọlé.

Tí ẹ bá ti dé èbúté, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan ìgbòkun ní ọjọ́ kan náà, ẹ má ká a ní tútù sínú àpò. Mo máa ń fi gègé pupa yí gbogbo ibi tí ó bá ti ha tàbí tí òwú bá ti yọ ká kí n tó dì í sínú mọ́tò, kí n má baà máa wá ibẹ̀ kiri nígbà tí mo bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́.